Ta Là Ń Sọ "Ẹ" Sí? Bí Mo Ṣe Ń Fi Eré Oníṣe Tú Ọ̀rọ̀ Ìrẹ́jẹ Wò ní Kíláàsì

Ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́wàá kan gbé agbádá bàbá rẹ̀ kọ́rùn ní kíláàsì mi ní Kubwa ní Abuja, agbádá ọ̀hún ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Òun ni baba onílé. Ọmọ tó ń ṣe mẹ́gáàdì jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, ó lẹ òwú mọ́ àgbọ̀n, torí a ti jọ fẹnu kò pé mẹ́gáàdì yìí á ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Baba onílé fẹnu fọn fèrè mọ́tò, "Píìn! Píìn!", ó ní: "Ìwọ, ṣé o ò gbọ́ ni? Ṣí géètì jàre!" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kékeré kan tó jókòó lẹ́yìn pátápátá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́: "Àǹtí, ṣebí mẹ́gáàdì ló dàgbà jù. Kí ló dé tí kò sọ 'ẹ' sí i?"

Ẹ̀rín dá wáí. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò jẹ́ sọ "o" sí mi láé, wọn ò sì jẹ́ sọ ọ́ sí ìyá ọ̀rẹ́ wọn. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì sọ ọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pariwo lé e lórí. Àmọ́ mẹ́gáàdì ilé wọn, tó lè bí bàbá wọn lọ́mọ, "ìwọ" ni. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó fi ọdún mẹ́fà ju àkọ́bí ilé lọ, "ìwọ" ni. Bí mo bá dúró síwájú bọ́ọ̀dù, tí mo fi odidi wákàtí kan ṣàlàyé ohun tí ìrẹ́jẹ jẹ́, wọn á dà á kọ sínú ìwé, ó parí síbẹ̀. Eré ìṣẹ́jú méjì ló hú u jáde.

Tíátà ni mo kà ní Zaria. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, mo ń kọ́ àwọn ọmọ JSS ní Gẹ̀ẹ́sì. Láàárọ̀ Sátidé, mo ń kó àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Abuja jọ, ọlọ́dún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá, mo ń kọ́ wọn ní èdè bàbá wọn. Wọ́n ń gbọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dáhùn, Hausa ni wọ́n fi ń ra kúlíkúlí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ irú wọn ní Kaduna, ní Jos, ní Sabon Gari ní Kano, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun lápá ibí. Láti nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1970 ni àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tíátà ní Ahmadu Bello University ti ń jáde láti Samaru, ọgbà ilé ìwé wọn ní Zaria, lọ sí àwọn abúlé tó yí wọn ká, tí wọ́n ń fi ìṣòro tí àwọn ará abúlé fẹnu ara wọn sọ ṣeré. Ní ilẹ̀ Brazil, Augusto Boal (1931–2009), olùdarí eré oníṣe, sọ pé kí òǹwòran dá eré dúró, kó bọ́ sójú agbo, kó gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Ìjọba ológun ibẹ̀ mú un ní 1971, wọ́n dá a lóró, ó di ará ìlú òkèèrè. Nílé wa níhìn-ín, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fòfin de Hubert Ogunde àti ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ ní 1964 nítorí eré tó pè ní Yorùbá Ronú. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé mo ní kó wá fi eréepá pa àkókò. Ohun tí ìjọba ń bẹ̀rù ni mo fẹ́ kí ẹ gbé wọ kíláàsì, nítorí náà ẹ fọwọ́ pẹ̀lẹ́ gbé e.

Ọ̀rọ̀ kékeré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. "Ìwà ìbàjẹ́ ní Nàìjíríà" tóbi ju yàrá lọ, ohun tí àwọn ọmọ gbọ́ lórí rédíò ni wọn yóò kàn máa tún sọ. Mo ní agolo mílíìkì kan tí mo dá ihò sí ìdérí rẹ̀. Bí kíláàsì bá ti parí, ọmọ tó bá wù á kọ ohun kan tó rí lọ́sẹ̀ yẹn tí kò dáa sórí bébà, á sọ ọ́ sínú agolo, kò ní kọ orúkọ. Ohun tí mo ń bá níbẹ̀ rèé: "Èmi ni mo ń gbálẹ̀, bọ́ọ̀lù ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbá." "Lándílọ́ọ̀dù ti omi pa mọ́ wa." "Wọ́n ń pe ọmọ kan ní Gwari bíi pé èébú ni." Èyí tó gbẹ̀yìn yìí dùn mí jù, nítorí àwọn Gbagyi, tí wọ́n ń pè ní Gwari, wà lára àwọn tó ni ilẹ̀ tí a jókòó lé. Orí ilẹ̀ wọn ni wọ́n wà nígbà tí ìjọba yan Abuja ní 1976, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n sì ṣí kúrò kí ìlú yìí tó lè gba àwa.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ká mi lára jù: ẹ má fún ọmọ ní ọgbẹ́ ara rẹ̀ ṣe.

Ibi tí mo ti kọ́ ọ kò dùn láti sọ. Ilé ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà kan ni. Mo mú ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ jáde, mo wo kíláàsì, mo yan ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀, mo lérò pé eré á là á lóhùn. Mo fi ìgbálẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ibi tó dúró sí, kò gbójú sókè. Ọmọ tó ń ṣe màmá jágbe mọ́ ọn, àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín. Ó ń gbálẹ̀. Ìgbà tí mo rí i pé ojú kan náà, tó ti mọ́ tipẹ́, ló ṣì ń gbá, ni ara tó fu mí. Ilé àǹtí kan ló ń gbé. Iṣẹ́ tó ń ṣe láràárọ̀ kó tó wá sílé ìwé nìyẹn. Ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn gbogbo wọn mọ̀, wọ́n sì fi pè é lórúkọ. Mo bá wọn wí, mo bẹ ọmọ náà, àmọ́ ẹyin ti balẹ̀. Ó parí táàmù yẹn kò tún nawọ́ ní kíláàsì mi mọ́.

Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá jáde nínú agolo, ohun mẹ́ta ni mo máa ń yí padà kó tó di eré: orúkọ, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àti bí àwọn èèyàn inú rẹ̀ ṣe tan mọ́ra. Bó bá jẹ́ àbúrò ìyá ló fìyà jẹ ọmọ, mo sọ ọ́ di aládùúgbò. Orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ ní kíláàsì ni mo ń lò. Lọ́dọ̀ mi, Àbẹ̀ní ni ọmọ ọ̀dọ̀ máa ń jẹ́, torí a ò ní Àbẹ̀ní kankan. Ẹni tó bá wù ló ń bọ́ sójú agbo, ẹni tí kò bá sì wù lè sọ pé rárá láìjẹ́ pé mo bi í léèrè ìdí. Bí ipò kan bá wúwo jù fún ọmọ, èmi fúnra mi ni mo ń ṣe é. Dorothy Heathcote, olùkọ́ ará England tó fi eré kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún, máa ń bọ́ sínú eré pẹ̀lú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò: tíṣà lórí ìkúnlẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá lókè orí rẹ̀ tó ń sọ pé "Dìde, kí ló ń ṣe ẹ́?" Ẹ ó mọ nǹkan kan nípa ohùn ara yín lọ́jọ́ náà.

Eré tí mo ń lò jù rèé. ₦5,000 ti dàwátì lórí fíríìjì. Màmá, Bàbá, Táyọ̀ ọmọ ilé, Àbẹ̀ní, àti mẹ́gáàdì ló wà níbẹ̀. Mo máa ń pe ẹnì kọ̀ọ̀kan sí kọ̀rọ̀, mo á sọ ohun tó ń fẹ́ àti ohun tó ń bẹ̀rù sí i létí, ẹlòmíràn kò ní gbọ́. Òní ló yẹ kí Màmá dá àjọ, ojú á tì í bí owó kò bá pé. Àbẹ̀ní ń fẹ́ kí wọ́n gba òun gbọ́, ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má lọ dá òun padà sílé lọ́wọ́ òfo. Bàbá ló mú owó náà láàárọ̀, ó fi rán mẹ́gáàdì ní epo jẹnẹrétọ̀, ó sì ti gbàgbé. Mẹ́gáàdì mọ̀. Kẹ́ẹ̀gì epo ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àmọ́ ó ń bẹ̀rù iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í. Táyọ̀ wà nílé látàárọ̀, tẹlifíṣọ̀n ló ń wò.

Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wọn láti kọ́ sórí. Ọmọ tó bá kọ́ ọ̀rọ̀ sórí, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ni yóò máa wá, kò ní gbọ́ ohun tí ẹnì kejì sọ. Ohun kan péré náà tó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti mú dání tàbí wọ̀: gèlè, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, rìmóòtù, àkísà ìnulẹ̀, kẹ́ẹ̀gì. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹnì kejì. Bí Màmá bá fẹ́ gbá Àbẹ̀ní létí, á gbọ́wọ́ sókè lásán, gbogbo òǹwòran á pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan, ìyẹn ni ìgbátí. Nítorí kí ẹnikẹ́ni má fara pa ni mo ṣe dá a sílẹ̀, ìgbà tó yá ni mo rí ohun mìíràn tó ń ṣe: ọwọ́ àwọn tó ń wòran ni ìgbátí ń ti dún. Wọn kì í pàtẹ́wọ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì bí wọ́n ṣe pa ti àkọ́kọ́.

Mo á ké "Ààlọ́ o!", wọn á dáhùn "Ààlọ̀!", eré ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó burú ní ìgbà àkọ́kọ́. Wọn á fẹ̀sùn kan Àbẹ̀ní, wọn á da ẹrù rẹ̀ síta, mẹ́gáàdì á máa wo ilẹ̀. Ọwọ́ olùkọ́ máa ń yún un láti tún un ṣe. Ẹ má tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀ sí i.

Lẹ́yìn náà, a bẹ̀rẹ̀ eré kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni nínú òǹwòran lè ké "Dúró!" kó bọ́ síwájú, kó gba ohun tó wà lọ́wọ́ Àbẹ̀ní tàbí mẹ́gáàdì tàbí Táyọ̀, kó sì gbìyànjú ohun tí òun ì bá ṣe. Kò gbọ́dọ̀ gba gèlè Màmá. Ìlànà Boal nìyẹn, ó sì ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n sọ ẹni tó ń nini lára di áńgẹ́lì lójijì, eré ti di irọ́, ọmọ tó sì padà sílé lọ bá màmá tí kì í ṣe áńgẹ́lì kò rí nǹkan kan mú lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan rèé. Ọmọkùnrin kan ló kọ́kọ́ ké "Dúró!" Ó gba àkísà lọ́wọ́ Àbẹ̀ní, ó sì jágbe padà mọ́ Màmá pé òun kì í ṣe olè. Màmá tún wá le sí i, ó ní "O tún ń dá mi lóhùn!", ẹrù ti bọ́ síta kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọkùnrin náà padà lọ jókòó, ó ń ronú. Ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé e. Òun kúnlẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi Dádì." Màmá ní, "Ṣé ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi ní bí mo ṣe máa ṣe ilé mi?" Òun náà kò yege. Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ "ẹ" lọ́jọ́sí dìde, ó kọjá lára Àbẹ̀ní, ó lọ gba rìmóòtù lọ́wọ́ Táyọ̀. Ó pa tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, "Mọ́mì, èmi náà wà nílé látàárọ̀. Ẹ ò bi èmi."

Ọmọ ọdún méjìlá ló wé gèlè Màmá lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lókè fún ìgbátí. Ọwọ́ náà dúró síbẹ̀. Ó wo Táyọ̀, ó wo Àbẹ̀ní, ó wá wo èmi bíi pé kí n sọ ohun tó kàn fún un. Mi ò sọ nǹkan kan. Ó rọra gbé ọwọ́ náà sílẹ̀, ó sì fi tún gèlè ṣe.

Bí eré bá ti dúró, ẹ má bi wọ́n pé "Kí lẹ rí kọ́?" Ohun tí wọ́n rò pé ẹ fẹ́ gbọ́ ni wọn ó sọ. Mo máa ń fi ọmọ méjì ṣe akọ̀wé nígbà tí eré ń lọ. Ọ̀kan ń fa ìlà sí bọ́ọ̀dù ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá sọ "ẹ", èkejì ń fa ìlà fún "o", wọ́n á sì kọ ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí. Lẹ́yìn eré, a jọ ń ka bọ́ọ̀dù. Ìlà "o" á kún lábẹ́ orúkọ Àbẹ̀ní àti mẹ́gáàdì, "ẹ" á kún lábẹ́ Màmá àti Bàbá. Mo á kàn béèrè pé: nínú gbogbo wọn, ta ló dàgbà jù? Ọ̀rọ̀ á ti ibẹ̀ ya lu. Èdè wa ló gbé òṣùwọ̀n yìí fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò rí irú rẹ̀ lò.

Mẹ́gáàdì yìí gba ìṣọ́ra mìíràn. Bí ẹ kò bá tètè sọ̀rọ̀, ọmọ tó ń ṣe é á bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá wọ́lẹ̀ bíi ti inú fíìmù, wọ́n á máa pè é ní "àbókí", ẹ̀rín á sì gba gbogbo eré lọ. Mo ti fòfin de ohùn yẹn. Àárín àwọn ará Àríwá là ń gbé. Àwọn tí ọmọ ń sín jẹ lójú agbo ni yóò pàdé ní géètì nígbà tó bá ń lọ sílé. Bí mẹ́gáàdì bá máa sọ̀rọ̀, kó sọ ọ́ bí àgbàlagbà.

Ọ̀rọ̀ òfin ló ń gbẹ̀yìn. Bí òfin bá ṣáájú eré, àwọn ọmọ á kàn ṣe ohun tí òfin wí kí inú yín lè dùn. Lẹ́yìn eré ni mo ń sọ fún wọn pé Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tó múlẹ̀ ní Abuja, ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, àti pé abala 28 rẹ̀ kò fàyè gba kí wọ́n gba ọmọ síṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ níta ilé tàbí ẹbí rẹ̀. Òfin UBE, ti ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti 2004 náà sì ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ jẹ́ dandan fún ọmọ títí dé JSS 3. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ èyí, ẹ̀rù ba ọmọ kan: "Àǹtí, ṣé wọ́n á wá mú Mọ́mì ni?" Mo ti yẹ kí n rò ó tẹ́lẹ̀. Mo jókòó tì í, mo sọ fún un pé èmi ò ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni. Mo ní ìbéèrè mẹ́ta péré nípa ọmọ ọ̀dọ̀ ni kó máa gbé sọ́kàn nílé: Ṣé ó ń lọ sílé ìwé? Ṣé ohun tí a jẹ lòun náà jẹ? Ibo ló ń sùn? Ọmọ lè bi ìyá rẹ̀ ní ìkankan nínú wọn lórí ìkúnlẹ̀, kò ní jẹ́ àfojúdi.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ gbé ipò inú eré lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi ń pe ọmọ kan ní "Màmá ìkà" lọ́dọ̀ mi rí. Ní báyìí, bí a bá ti parí, oníkálukú á bọ́ ohun tó mú dání sílẹ̀ lójú gbogbo wa, á dúró ṣánṣán, á pe orúkọ ara rẹ̀ àti oríkì rẹ̀: Àkànní, Àjọkẹ́, Àlàbí. Kíláàsì á fi oríkì náà kí i káàbọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Abuja ni kò mọ oríkì wọn. Mo rán wọn lọ bi ìyá àgbà wọn lórí fóònù, ìyẹn náà sì mú ayọ̀ tirẹ̀ wá.

Bí ọmọ bá wá bá yín lẹ́yìn eré pé ohun tó wà nínú eré ń ṣẹlẹ̀ sí òun, ẹ má tú u wò lójú àwọn yòókù. Ẹ má ṣèlérí fún un pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ó lè di dandan kí ẹ sọ. Ẹ gbọ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ẹ kọ déètì sí i, kí ẹ sì lọ bá ọ̀gá ilé ìwé lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwà ipá, àjọ NAPTIP, tó ń gbógun ti kíkó èèyàn ṣòwò, ni òfin VAPP ti 2015, tó lòdì sí ìwà ipá sí èèyàn, gbé e lé lọ́wọ́ ní Abuja. Olùkọ́ tí kò bá ṣe tán láti rin ìrìn yẹn, kó máa fi ọ̀rọ̀ gbígbá ilẹ̀ kíláàsì ṣeré ní tirẹ̀.

Àwọn òbí ńkọ́? Ẹ sọ fún wọn ṣáájú. Bàbá kan bi mí bóyá mo fẹ́ sọ ọmọ òun di aláìgbọràn. Mo ní kó wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Ó wá, ó jókòó, ó pàtẹ́wọ́ ìgbátí pẹ̀lú àwọn ọmọ. Kò sọ nǹkan kan fún mi nígbà tó ń lọ, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé ọmọ náà wá láti ìgbà yẹn.

Bí kíláàsì yín bá kún àkúnya, tí ọmọ tó ọgọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi bẹ́ǹṣì ṣe agbo, kí eré wà láàárín, kí ìlà iwájú jókòó sílẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú tó fún eré kan: mẹ́wàá fún ìmúrasílẹ̀, àkókò tó kù ni kí ẹ pín sí eré àti ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ má gé ti oríkì kúrò.

Lẹ́yìn eré mẹ́gáàdì yẹn, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo fún wọn ṣe nílé: kí wọ́n lọ béèrè orúkọ mẹ́gáàdì tó ń ṣọ́ ilé wọn, tàbí ti àdúgbò wọn, kí wọ́n sì bi í ní ọdún tí wọ́n bí i. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn kan ti gbàgbé, àwọn kan ní bàbá àwọn ló sọ fún wọn. Ọmọ alágbádá yẹn ló kẹ́yìn. Ó ti kọ orúkọ náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kó má bàa gbàgbé, òógùn ti ń pa á rẹ́. Ó ní baba náà sọ pé ọdún tí Nàìjíríà gbòmìnira ni wọ́n bí òun. Ó ṣírò ó lórí bọ́ọ̀dù, ó yọ 1960 kúrò, ó dúró ti èsì náà fún ìgbà díẹ̀, ó sì yíjú sí mi.

"Àǹtí, báwo ni wọ́n ṣe ń sọ 'ẹ káàárọ̀, sà' ní Hausa?"

Mo kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù: *Ina kwana, Baba.* Ó dà á kọ sí àtẹ́lẹwọ́ kejì.